Ẹni Tó Lọ Rajà ní Istanbul, Kó Má Ṣe Rí Ọjà Nìkan

Bàálù tó ń gbéra láti Èkó àti Abùjá lọ sí Istanbul, ní ilẹ̀ Túrkì, kì í ṣe ọkọ̀ àwọn aláfẹ́ nìkan. Àwọn oníṣòwò pọ̀ níbẹ̀: aláṣọ, oníbàtà, oníbáàgì, ẹni tó ń ta aṣọ ọmọdé, ẹni tó ń ta kọ́tìnì. Báàgì òfìfo ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé lọ. Wọ́n á wà lójú òfurufú fún nǹkan bíi wákàtí méje, wọ́n á balẹ̀, wọ́n á wọ hòtẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á sì bọ́ sójà. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún tàbí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á padà sílé. Bí ọmọ bá bi wọ́n pé báwo ni ìlú náà ṣe rí, ohun tí ẹlòmíràn lè sọ kò ju iye tí wọ́n ń ta dọ́sìnnì ṣòkòtò jíìnsì lọ.

Kò sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi. Owó tó wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe owó ìgbafẹ́. Owó àjọ wà nínú rẹ̀, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà nínú rẹ̀, owó oníbàárà tó ti san àsansílẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Náírà kì í dúró sójú kan, owó físà ń bẹ níbẹ̀, owó kágò ń bẹ níbẹ̀. Ọjọ́ kan tí ènìyàn bá fi ṣòfò nílùú òkèèrè, owó hòtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ kan ló lọ yẹn. Ìdí nìyí tí irú ọ̀rọ̀ báyìí fi wọ́pọ̀ láàárín àwọn méjì tí wọ́n jọ rìn:

"Ẹ̀gbọ́n, ilé olórùlé rìbìtì tí à ń wò lókè yẹn, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Mọ́sálásí wọn ni. Jọ̀ọ́, gbẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, àwọn oníkágò á ti máa kó ẹrù."

Bẹ́ẹ̀, ìlú tí wọ́n ń sáré kọjá nínú rẹ̀ yìí ti ju ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ọdún lọ. Ó ti ṣe olú ìlú fún ìjọba àwọn ará Róòmù ti ìlà oòrùn, ó sì ti ṣe olú ìlú fún àwọn Sultan ilẹ̀ Túrkì. Òwò tó bá a wá sí ìlú náà kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Òwò wà lára ohun tó sọ ọ́ di ìlú ńlá. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń to ọjọ́ yóò ra ọjà tó wá rà, yóò sì rí ìlú, láìná ju ọjọ́ kan lé ìrọ̀lẹ́ díẹ̀ lọ.

Laleli, àdúgbò àwọn aláràtúntà

Laleli ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò Nàìjíríà ń dé sí. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Túrkì ni ibi tó ní òdòdó lale, òdòdó tí àwọn Òyìnbó ń pè ní tulip. Mọ́sálásí Laleli, tí wọ́n kọ́ ní ayé Sultan Mustafa Kẹta, ṣì dúró létí títì tí tráàmù ń gbà. Lẹ́yìn tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì tú ká ní ọdún 1991, àwọn ará Rọ́ṣíà àti ti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí ńlá ńlá, wọ́n ń ra aṣọ lọ tà nílé. Àwọn ará Túrkì sọ irú káràkátà bẹ́ẹ̀ ní òwò àpótí. Ìdí nìyẹn tí èdè Rọ́ṣíà fi wà lára pátákó ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù títí dòní. Ojú ọ̀nà tí àwọn yẹn là ni àwọn ará Áfíríkà náà ń tọ̀ báyìí.

Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ ní Laleli á gbọ́ ohun tó jọ tilé. Ọmọ tó ń tajà kì í pe àgbà lórúkọ lásán. "Abla" ni yóò pe obìnrin, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin. "Abi" ni yóò pe ọkùnrin, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Ẹni tó bá bá ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ á ní "kolay gelsin", kí iṣẹ́ náà rọrùn, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń sọ pé "ẹ kú iṣẹ́". Owó ẹni tó kọ́kọ́ rajà láàárọ̀ ní orúkọ tirẹ̀, "siftah" ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì tọrọ "bereket" lórí rẹ̀. Bereket yìí àti alùbáríkà, inú èdè Lárúbáwá ni àwọn méjèèjì ti wá. Bí oúnjẹ bá dé, wọ́n á ní "afiyet olsun". Afiyet náà ni ọ̀rọ̀ tí Yorùbá sọ di àlàáfíà. Oníṣòwò tó bá mọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ báyìí, tó sì kí ènìyàn kó tó máa ná ọjà, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé tíì fún un.

Iṣẹ́ ni àkọ́kọ́

Ẹni tó bá fẹ́ da òwò pọ̀ mọ́ ìrìn afẹ́, òwò ni kó kọ́kọ́ ṣe. Ọkàn tó ń ro ọjà tí kò tíì rà kò lè gbádùn ìran kankan. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì wà fún rírìn yíká: Laleli fúnra rẹ̀, Merter àti Osmanbey fún aṣọ, Zeytinburnu fún ohun tí wọ́n fi awọ ṣe. Kó wo ọjà, kó béèrè iye, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó má tíì sanwó. Ọjọ́ kẹta ni kó padà lọ rà. Kí wọ́n ka ọjà níṣojú rẹ̀, kí wọ́n dì í níṣojú rẹ̀, kó gba rìsíìtì, kó sì ya fọ́tò ẹrù náà kó tó dé ọwọ́ oníkágò.

Lẹ́yìn èyí ni àyè máa ń yọ. Ilé iṣẹ́ lè ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì kí àwọ̀ tó fẹ́ tó pé. Oníkágò lè ní ó di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ń tà fún àwọn aláràtúntà ni kì í ṣí lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ á fi ọjọ́ náà sùn. Ẹni tó mọ̀ á ti ṣe é ní ọjọ́ ìran láti ilé.

Àmọ́ owó ọjà kò gbọdọ̀ bá ènìyàn lọ síbi ìran. Kó wà nínú àpótí onírin tó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, tàbí kó ti di ọjà. Pásípọ́ọ̀tù náà kò gbọdọ̀ wà nínú báàgì tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Títì kan láti ojú ọjà dé ojú ìtàn

Láti Laleli, tráàmù T1 ń lọ tààrà sí Sultanahmet, níbi tí àwọn ilé àtayébáyé pọ̀ sí. Ibùdókọ̀ mẹ́ta péré ni: Beyazıt, Çemberlitaş, Sultanahmet. Káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Istanbulkart ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, káàdì náà ló sì wà fún bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le, kó rìn. Kò tó máìlì méjì.

Títì yìí kì í ṣe títì òní. Ní ọdún 330, Constantine, ọba àwọn ará Róòmù, sọ ìlú náà di olú ìlú rẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Constantinople. Ojú ọ̀nà tí tráàmù ń gbà lónìí ni títì ńlá ìlú nígbà náà. Bí ènìyàn bá ń sún mọ́ Beyazıt, yóò rí àwọn òpó òkúta fífọ́ nílẹ̀ létí títì, tí wọ́n gbẹ́ ọnà tó dà bí omijé sí lára. Ẹnubodè ńlá ayé àwọn ará Róòmù ló ṣẹ́ kù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbé ẹrù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lójoojúmọ́ kò níye. Ní Çemberlitaş, òpó gíga kan wà tí wọ́n fi irin dè káàkiri. Constantine fúnra rẹ̀ ló gbé e nà ró.

Láàárín ibùdókọ̀ méjèèjì yìí ni ẹnu ọ̀nà Kapalıçarşı wà, ọjà tí wọ́n fi òrùlé bò láti òkèèrè dé òkèèrè. Kété lẹ́yìn tí Sultan Mehmed Kejì gba ìlú ní ọdún 1453 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Lónìí, ó ní ojú ọ̀nà tó lé ní 60 àti ṣọ́ọ̀bù tó tó nǹkan bí 4,000. Ẹni tó bá mọ ọjà nílé kò ní pẹ́ kó tó mọ bí wọ́n ṣe tò ó: ìsọ̀ ìsọ̀ ni. Ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà wà lọ́tọ̀, ti aláwọ wà lọ́tọ̀, ti oníkápẹ́ẹ̀tì wà lọ́tọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láyé àtijọ́ sì wà lára orúkọ ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà inú rẹ̀.

Owó tó ń wọlé láti ọjà náà ni Mehmed yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú Hagia Sophia, ilé ìjọsìn ńlá ìlú. Bákan náà ni wọ́n ṣe fún ọjà èròjà ọbẹ̀ tó wà ní Eminönü, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1660 sí 1664: owó rẹ̀ ló ń tọ́jú mọ́sálásí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní Istanbul, ọjà ló ń bọ́ àwọn ilé tí ayé ń wá wò. Ẹni tó ń rajà tí kò wo ilé náà, apá kan ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Ilé tí ẹ̀sìn méjì mọ̀

Hagia Sophia ni ó yẹ kí ẹni tí kò ní àyè púpọ̀ kọ́kọ́ rí. Justinian, ọba àwọn ará Róòmù, ló kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ọdún 532 sí 537, lẹ́yìn tí àwọn tó ń jà ìjà ìgboro dáná sun èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òrùlé rẹ̀ rí rìbìtì bí igbá tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé. Láti etí kan dé èkejì jẹ́ nǹkan bíi mítà 31, gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 55. Ó wó lápá kan ní ọdún 558, wọ́n tún un kọ́. Ó ṣe ṣọ́ọ̀ṣì fún èyí tó ju 900 ọdún lọ. Ní 1453 ó di mọ́sálásí, ìjọba Túrkì sọ ọ́ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1934, ó sì padà di mọ́sálásí ní ọdún 2020. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, àlejò tí kò wá kírun ń san yúrò 25, òkè ni wọ́n sì ń gbà wọ ibẹ̀. Àwòrán Jésù àti Màríà tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà ṣe ṣì wà lára ògiri lókè níbẹ̀, orúkọ Allah àti ti Ànábì Muhammad sì wà lára pátákó rìbìtì ńlá ńlá tó dojú kọ wọn.

Onígbàgbọ́ tó bá dúró ní ìlú yìí, kó mọ̀ pé níbẹ̀ ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti pàdé ní ọdún 381 láti fìdí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń kà lọ́jọ́ ìsinmi múlẹ̀. Bó bá sì fẹ́ jọ́sìn lọ́jọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Saint Anthony wà ní òpópónà İstiklal, wọ́n sì ń ṣe ìsìn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kì í dá jókòó níbẹ̀.

Ẹni tí owó yúrò bá wúwo lójú rẹ̀, kó má bínú. Mọ́sálásí Sultan Ahmed, tó dojú kọ Hagia Sophia, tó ní ilé gogoro mẹ́fà, ọ̀fẹ́ ni. Mọ́sálásí Süleymaniye tí Sinan, ọ̀gá àwọn kọ́léékọ́lé, kọ́ láàárín ọdún 1550 sí 1557, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé láti Laleli. Àgbàlá rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí omi àti ìlú nísàlẹ̀. Kí obìnrin ní ìborùn nínú báàgì, kí ọkùnrin má wọ ṣòkòtò péńpé, kí gbogbo wọn bọ́ bàtà. Bí wọ́n bá ń kírun lọ́wọ́, kí àlejò dúró síta.

Níwájú mọ́sálásí Sultan Ahmed, pápá kan wà tí àwọn ará Róòmù ti ń fi ẹṣin sáré ìje. Òkúta gogoro kan dúró láàárín rẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ni òkúta náà ti wá: Fáráò Thutmose Kẹta ló gbé e kalẹ̀ ní Íjíbítì, ní èyí tó ju 3,400 ọdún sẹ́yìn lọ, ọba Theodosius sì nà án ró ní Constantinople ní ọdún 390. Lára gbogbo ohun tó wà ní pápá náà, òun ló dàgbà jù.

Ọ̀nà tó ti Istanbul dé Èkó

Àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí Istanbul lónìí kọ́ ló kọ́kọ́ mú orúkọ Túrkì dé Nàìjíríà. Ní òpópónà Martins ní Lagos Island, mọ́sálásí kan wà tí gbogbo Èkó ń pè ní Shitta-Bey. Mohammed Shitta ló kọ́ ọ, oníṣòwò tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n bí sí Sàró. Òwò tó ṣe lágbègbè odò Ọya ló sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. João Baptista da Costa, ọ̀kan lára àwọn Àgùdà tó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́, ló darí iṣẹ́ náà.

Ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Sultan Abdul Hamid Kejì rán Abdullah Quilliam láti ìlú Liverpool gẹ́gẹ́ bí aṣojú rẹ̀, ó sì fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Láti ọjọ́ náà ni oyè ọ̀hún ti lẹ̀ mọ́ orúkọ ìdílé náà. Istanbul ni Sultan náà ti ń ṣàkóso, nínú ààfin Yıldız. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ní Laleli lónìí á ṣì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà: bí ènìyàn bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin tó ń jẹ́ Mehmet, "Mehmet Bey" ni yóò pè é.

Láti Yúróòpù sí Éṣíà ní ogún ìṣẹ́jú

Bó bá ṣe pé ìrọ̀lẹ́ kan péré ni àyè yọ, omi ni kí oníṣòwò gbà. Ní Eminönü, tí tráàmù T1 kan náà ń dé, ọkọ̀ ojú omi ń gbé èrò lọ sí Üsküdar àti Kadıköy. Etí ibí jẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù, etí ọ̀hún jẹ́ ilẹ̀ Éṣíà. Ìrìn náà jẹ́ nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, Istanbulkart náà ni wọ́n fi ń sanwó, owó ọkọ̀ ìgboro lásán sì ni. Wọ́n ń ta tíì nínú ọkọ̀, àti simit, búrẹ́dì onírìbìtì tí wọ́n da yánmọtí lé lórí.

Bí ọkọ̀ bá ti ń kúrò létí omi, ènìyàn á rí ẹsẹ̀ omi tó wọ inú ìlú lọ, tí wọ́n ń pè ní Haliç. Ìtàn ibẹ̀ dùn fún ọmọdé. Ní 1453, àwọn ará Constantinople fi ṣéènì irin ńlá dí ẹnu omi náà kí ọkọ̀ ogun má bàa wọlé. Mehmed, tí kò ju ọmọ ọdún 21 lọ, ní kí wọ́n to gẹdú sílẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀rá pa á, wọ́n sì wọ́ ọkọ̀ ojú omi gba orí òkè lọ sínú Haliç lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ogun ti wà lẹ́yìn ṣéènì. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ìlú bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ohun tó yẹ kí wọ́n kíyè sí

Ọjà Kapalıçarşı kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, nítorí náà àárín ọ̀sẹ̀ ni kí wọ́n lọ síbẹ̀. Ààfin Topkapı, ilé àwọn Sultan láyé àtijọ́, kì í ṣí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ẹtì, kí àlejò jẹ́ kí wọ́n kírun Jímọ̀ọ̀ tán kó tó lọ wo mọ́sálásí. Ní àsìkò Iléyá àti ìtúnu ààwẹ̀, ọ̀pọ̀ ọjà ń tì fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá fẹ́ rajà, kó wo kàlẹ́ńdà kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹni tó ń kun bàtà bá ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ níwájú àlejò bí ẹni pé kò mọ̀, ọgbọ́n ni; ẹni tó bá bá a mú un, á fẹ́ kun bàtà fún un, á sì béèrè owó gọbọi. Bí àjèjì bá di ọ̀rẹ́ lójijì, tó ní kí wọ́n jọ lọ mu ọtí, kí oníṣòwò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí bàálù yóò gbéra kì í ṣe ọjọ́ ìran. Ọ̀nà jìn láti àárín ìlú sí pápákọ̀ òfurufú, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ sì pọ̀ níbẹ̀.

Èrè irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ hàn. Obìnrin tó ti rí òdòdó lale lára ògiri mọ́sálásí yóò mọ̀ ọ́n nígbà tó bá rí i lára kọ́tìnì àti aṣọ tó kó wálé, yóò sì lè sọ fún oníbàárà pé ọnà tó ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn Sultan ni, pé láti ọ̀dọ̀ wọn ni òdòdó náà ti dé ilẹ̀ Holland. Aṣọ tó ní ìtàn lẹ́nu ẹni tó ń tà á, kì í ṣe ẹgbẹ́ aṣọ tí wọ́n kàn fi kọ́ síta.

Èyí tó sì jù ni ti àwọn ọmọ. Bàtà tí ìyá rà bọ̀ yóò kéré lẹ́sẹ̀ wọn kó tó di ọdún méjì, wọ́n á sì fún àbúrò. Ìtàn ọkọ̀ ojú omi tó gba orí òkè, ti òkúta Fáráò tó wà lóko ìje ẹṣin, àti ti oníṣòwò Èkó tó gba oyè lọ́wọ́ Sultan, wọn kò ní dàgbà ju ìyẹn lọ. Bí ìwé ìtàn bá dé iwájú wọn ní kíláàsì, ẹnìkan nílé wọn ti dé ibẹ̀ rí, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Kò gbà wọ́n ju owó tráàmù àti ọjọ́ kan tí ọjà kò ṣí lọ.